Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ tí ọwọ́ tó ló bàjẹ́

Iná check engine tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù Sienna. Wọ́n so ẹ̀rọ síkáànì mọ́ ọn, kóòdù P0031 jáde. Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, oxygen sensor ni." Wọ́n ra tuntun, wọ́n tú èyí tó wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, wọ́n fi tuntun rọ́pò, wọ́n pa kóòdù rẹ́, onímọ́tò sanwó. Kò pẹ́ kò jìnnà, iná tún tàn. Èsì tí wọ́n máa ń fún un kò yàtọ̀: ọjà Ládípọ̀ ti bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n tà fún un kì í ṣe ojúlówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, ayédèrú kún ìgboro. Àmọ́ níbi tá a dé yìí, sẹ́ńsọ̀ tuntun yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibi tí kò sí àrùn ni wọ́n fi oògùn sí.

Ohun tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti ọdún 1976 tí Bosch ti fi àkọ́kọ́ sára ọkọ̀ Volvo, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín, kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè mọ̀ bóyá epo ló pọ̀ jù ni tàbí afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ 1 wà ṣáájú catalyst, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ kó tó jáde, sẹ́ńsọ̀ 2 wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tuntun máa sọ irú kóòdù kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìtumọ̀ P0031 kò fi yí padà láti Toyota dé Honda dé Ford: wáyà tó ń gbé iná lọ sínú sẹ́ńsọ̀ láti mú un gbóná, bank 1, sẹ́ńsọ̀ 1, iná ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù.

Bank 1 yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ bi mẹkáníìkì mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ èsì mẹ́rin. Ọ̀kan ní ọwọ́ awakọ̀ ni. Èkejì ní iwájú ni, níbi tí ojú ń kọ́kọ́ rí tí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta ní méjèèjì ò yàtọ̀ síra, kí a ṣáà pààrọ̀ ọ̀kan ná, ká wò ó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń jẹ owó jù.

Bank 1 ni apá ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà kìíní wà. Kò sí òfin mìíràn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í parí, torí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò fi sílíńdà kìíní síbì kan náà. Bí ẹ bá jókòó sí àyè awakọ̀ tí ẹ kọjú síwájú, V8 (ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́jọ tó pín sí apá méjì) ti Ford ní sílíńdà kìíní lọ́wọ́ ọ̀tún, V8 ti Chevrolet ní in lọ́wọ́ òsì. Ta ló wá ni "ọwọ́ awakọ̀"? Ìlú London tí sítíárì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì kò mọ ibi tí ẹ jókòó sí.

Ní ti àwọn tó dábùú ẹ́ńjìnnì V6 sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí èyí tó kún títì wa, tíyẹn Sienna, Highlander, RX 330, Camry V6, kò tilẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì níbẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn ló wà. Toyota ka sílíńdà 1, 3 àti 5 sí ẹ̀yìn, 2, 4 àti 6 sí iwájú. Honda ń ka tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, 1, 2, 3 lẹ́yìn, 4, 5, 6 níwájú, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n já sí: bank 1 wà lẹ́yìn, ó fara ti ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, tí gbogbo ayé ń rí, bank 2 ni. Kóòdù tirẹ̀ ni P0051. Ti Corolla ò le rárá, sílíńdà mẹ́rin tó tò lórí ìlà kan ló ní, kò ní bank 2 kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbowó bank 2 Corolla lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó fi hàn yín.

Mi ò rò pé àìmọ̀ nìkan ló ń fa àṣìṣe yìí. Ẹ wo ibi tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn yẹn wà. Ojú kì í fẹ́ẹ́ rí i láti òkè, láti ìsàlẹ̀ sì rèé, páìpù àti irin ti dí ọ̀nà. Àwọn mìíràn á tú wáípà àti pánẹ́ẹ̀lì abẹ́ gíláàsì kí sípánà tó lè wọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ iṣẹ́ tọ́wọ́ ẹ̀ kéré ni wọ́n máa ń ní kó nawọ́ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára àtitú irin tó ti dípẹtà láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò sí lára rẹ̀. Ti iwájú, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ó wá jọ mí lójú pé lọ́dọ̀ wa, sẹ́ńsọ̀ tí ọwọ́ bá tó ló máa ń bàjẹ́.

Ká tiẹ̀ sọ pé wọ́n rí bank 1 gidi. Ta ló ní sẹ́ńsọ̀ ló kú? P0031 ń sọ̀rọ̀ wáyà, fíúsì àti relay (súwíìṣì kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́) pẹ̀lú. Bí P0031 àti P0051 bá yọjú pọ̀ lọ́jọ́ kan náà lára Toyota, kí ẹ tó gbà pé sẹ́ńsọ̀ méjì bá ara wọn ṣàdéhùn láti kú, ẹ wo fíúsì àti relay tó ń fún àwọn méjèèjì níná. P0171 kò tilẹ̀ dárúkọ sẹ́ńsọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ ní bank 1, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ sì lè gbà wọlé kò lóǹkà, títí kan sàlẹ́ńsà tó lu ṣáájú sẹ́ńsọ̀. Ti P0420, kóòdù tó ń sọ pé catalyst kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ti gé catalyst tà, ó ti dówó lápò ẹlòmíràn, wọ́n wá ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ 2 kó lè bá wọn rí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, mi ò ní sẹ́ńsọ̀ kì í kú o. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe dáadáa kí okùn iná inú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti já, kí mẹkáníìkì yín sì tọ̀nà, tí kì í bá ṣe ti bank tó ṣì mú. Ẹni tó bá fi mítà wọ̀n ọ́n, tó rí i pé kò sí ìsopọ̀ mọ́ láàárín ẹsẹ̀ méjì tó ń gba iná, mi ò ní bá a jà.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ṣọ́ra. Sẹ́ńsọ̀ 1 ọ̀pọ̀ nínú àwọn Toyota wọ̀nyí, irú tí wọ́n ń pè ní A/F (air/fuel, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo) ni, kì í ṣe oxygen sensor lásán. Ó lè wọ ojú ihò náà dáadáa, kó má sì bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ rere. Ẹ má jẹ́ kí réwáyà gé wáyà rẹ̀ kó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀: inú wáyà yẹn ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ti ń mí afẹ́fẹ́ ìta tí wọ́n fi ń ṣe ìdíwọ̀n. Gọ́ọ̀mù sílíkóónù tí wọ́n ń fi dí ẹ́ńjìnnì, tí kò bá sí àkọlé pé kì í ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́ lára rẹ̀, èéfín rẹ̀ lè sọ tuntun di òkú. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan nítorí sípánà kan tó ṣòroó wọlé.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ iwájú tí wọ́n ń pè ní bank 1, kí wọ́n tún un tan, kí ẹ jọ wo ojú síkáànì. Bí ó bá jẹ́ bank 2 ló dákẹ́, ẹ dá owó yín padà sápò ná.