Ìwádìí lórí ìgbáyégbádùn ẹran ọ̀sìn ní Èkó

Ìwádìí lórí ìgbáyégbádùn ẹran ọ̀sìn ni ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wo bí màálù, ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀, ajá àti àwọn ẹran mìíràn tí ènìyàn ń sìn ṣe ń gbé, ohun tó ń ni wọ́n lára, ohun tó ń tù wọ́n lára, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárín àwùjọ. Ní Èkó, oko kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹran pọ̀ bí yanrìn etí òkun. Òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran náà ti ń wọ̀lú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbáyégbádùn ẹran níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, ọjà àti ibi ìpẹran ju ọ̀rọ̀ pápá ìjẹko lọ.

Ọ̀sìn nílé Yorùbá

Láti ara "sìn" ni "ọ̀sìn" ti wá: ẹran tí a ń bọ́, tí à ń kó wọlé bí òjò bá ṣú, tí a ó wá kiri bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò rí i. Ní àwọn agbo ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀búté Mẹ́ta àti Muṣin, kò ṣàjèjì kí ìyá kan ra abo ewúrẹ́, kí ó fi fún aládùúgbò rẹ̀ pé kó bá òun sìn ín. Bí ewúrẹ́ bá bímọ, wọ́n á pín ọmọ bí wọ́n ṣe jọ ṣe àdéhùn. Owó iléèwé, owó ìkómọ, owó oògùn òjijì, ara ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i. Àwọn àgbà ní oore tí a ṣe fún adìẹ kò gbé, bó pẹ́ títí á ṣomi tooro síni lẹ́nu. Òwe náà mọ̀ dájú pé inú ọbẹ̀ ni adìẹ ń lọ, síbẹ̀ oore ló pe ìtọ́jú tí a fún un.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà mọ sí ojú àánú nìkan. Nílẹ̀ Britain, ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rogers Brambell darí jábọ̀ ní 1965 pé, ó kéré tán, ẹran gbọ́dọ̀ ráàyè dìde, dùbúlẹ̀, yípo, tún ara rẹ̀ ṣe, kí ó sì na apá àti ẹsẹ̀. Ní 1979 ni wọ́n sọ èyí di òmìnira márùn-ún tí a ń lò káàkiri ayé: kí ebi àti òùngbẹ má pa ẹran, kí ibùgbé má ni ín lára, kí ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn má bá a fínra, kí ó ráàyè hu ìwà tí a dá mọ́ ọn, kí ó má sì gbé nínú ìbẹ̀rù àti ìpayà.

Màálù àti ọ̀nà jíjìn

Màálù funfun oníwo gígùn tí àwọn Hausa ń pè ní Bunaji ló pọ̀ jù ní ọjà Èkó; Gudali àti Rahaji pupa ló tẹ̀ lé e. Ṣàṣà ni èyí tí a bí sí Èkó nínú wọn. Eṣinṣin tsetse inú igbó gúúsù ló fà á, nítorí pé ó ń gbé àìsàn tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ màálù Òkè Ọya tán lára wọn. Muturu, màálù kúkúrú tí kò ní iké, tó ti wà nílẹ̀ gúúsù láti ayébáyé, lè fara da àìsàn náà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kéré, kò sì wọ́pọ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń da màálù wá sí gúúsù láyé àtijọ́. Nígbà tí ojú irin so Kano mọ́ Èkó ní nǹkan bí 1912, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Lóde òní, trélà ni. Láti Kano sí Èkó ju kìlómítà 900 lọ. Láti Maiduguri, ó tó nǹkan bí 1,500. Nínú trélà, wọ́n á kọ orí màálù kan sí ìdí èkejì kí wọ́n lè há wọn mọ́ra. Èyí tó bá rẹ̀ tó ṣubú, àwọn yòókù á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sáàárín wọn, wọ́n á ká ìrù rẹ̀ kó lè dìde. Ìrù tí wọ́n ká títí tó fi ṣẹ́ wà lára ohun tí dókítà ẹran máa ń wò bí ọkọ̀ bá já ẹran sílẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ìrìn àjò ẹran nígbà ooru. Wọ́n rí i pé ooru, òùngbẹ àti ìdúró gígùn ń mú kí ẹran fọn, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì yí padà, àti pé fífún ewúrẹ́ ní fítámì C ṣáájú ìrìn àjò ń dín wàhálà náà kù. Fítámì C kì í wọ́n. Èyí tó wọ́n ni àkókò ìsinmi lójú ọ̀nà, nítorí pé gbogbo wákàtí tí trélà bá fi dúró ló ń ná olówó ẹran lówó.

Ohun tí ojú màálù rí lójú ọ̀nà máa ń hàn lórí tábìlì alápatà. Ṣúgà kan wà tó ń pamọ́ sínú iṣan ẹran. Bí wọ́n bá pa màálù tó ti sinmi, ṣúgà yìí á di ásíìdì, pH ẹran, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, á dé bíi 5.5, ásíìdì náà kò sì ní jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí tètè pọ̀ lára rẹ̀. Màálù tó ti rẹ̀ ti lo ṣúgà yìí tán kó tó dé ọ̀bẹ. pH rẹ̀ á wà lókè 6. Ẹran á dúdú, á le, ojú rẹ̀ á gbẹ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bàjẹ́. Oníbàárà tó bá kọ ẹran tó dúdú jù ní Oyingbo tàbí Mile 12 mọ ohun tó ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Oúnjẹ, omi tó pọ̀ àti ìsinmi kí wọ́n tó pa ẹran ni àtúnṣe rẹ̀.

Ọjà Kárá, lẹ́bàá odò Ògùn níbi tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gbà kọjá, àti Òkò-Ọba ní Agége, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ábátùà, ni ojúkò òwò yìí. Ibi ìpẹran jẹ́ ibi ìwádìí pẹ̀lú, nítorí pé inú ẹran kì í purọ́. Bí wọ́n bá la ṣàkì, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí a fi ń di ẹrù àti okùn lè tú jáde, tó ti lọ́ pọ̀ mọ́ koríko tó sì le bí bọ́ọ̀lù. Náílọ́ọ̀nù kì í dà nínú ẹran. Ó ń gba àyè oúnjẹ títí ẹran yóò fi máa rù, tó sì ń jẹun. Àwọn olùwádìí tún ti ṣàkíyèsí pé abo màálù tó lóyún ń bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ lọ́pọ̀ ibi ìpẹran nílẹ̀ wa, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú. Àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn sì ti rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màálù nínú ẹran tí wọ́n pa ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Wàrà tí a kò sè ni ọ̀nà kan tí kòkòrò yìí ń gbà dé ara ènìyàn, nítorí náà ìlera agbo màálù Fúlàní kan ọlọ́mọ tó ń ra wàrà ní Muṣin.

Wọn kì í ju nǹkan kan nù lára màálù Èkó. Awọ rẹ̀ ni pọ̀ǹmọ́, ẹsẹ̀ ni bọ̀kọ̀tọ̀. Eegun tí wọ́n sun tí wọ́n lọ̀ ń wọ oúnjẹ adìẹ.

Adìẹ

Adìẹ kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde lára. Ara rẹ̀ gbóná tó bíi ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, mímí hẹlẹhẹlẹ ló sì fi ń tu ara rẹ̀ lára jù nígbà ooru. Afẹ́fẹ́ Èkó máa ń kún fún omi, omi tó yẹ kí adìẹ mí jáde kì í sì tètè gbẹ sínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí adìẹ àgíríìkì fi máa ń kú lọ́sàn-án gangan ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí àìsàn lára wọn. Ilé adìẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, omi tútù àti oúnjẹ tí a fún wọn ní kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Adìẹ ìbílẹ̀ ti ní ìdáhùn tirẹ̀ lára. Abọ́lọ́rùn ni èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò. Aṣá ni èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè. Jíìnì tó ń bọ́ ìyẹ́ ọrùn ń dín ìyẹ́ ara adìẹ kù ní ìdá 20 sí 40 nínú 100, ooru sì ń ráàyè jáde. Àwọn ará ilé a máa fojú adìẹ burúkú wo abọ́lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ìbísí ẹran ń wá a. Ní FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ti lo adìẹ ìbílẹ̀ láti mú irú tuntun tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha jáde.

Bí a ṣe ń gbé adìẹ kiri ọjà tún ṣe pàtàkì. Wọ́n á di adìẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà pọ̀ ní ẹsẹ̀, wọ́n á dorí wọn kodò sára ọ̀kadà. Adìẹ kò ní awọ tó pín àyà níyà sí ikùn bíi ti ènìyàn. Bí orí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, gbogbo ìfun rẹ̀ á dà lé àpò afẹ́fẹ́ tó fi ń mí. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i tó ń gbé ọrùn sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ó ń wá èémí. Kí a gbé e mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tàbí kí a kó o sínú apẹ̀rẹ̀, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kéèjì tó há jẹ́ ọ̀ràn àríyànjiyàn. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù (EU) fòfin de kéèjì àtijọ́ láti ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, 2012. A ṣì ń lò ó níbi púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ti àìsàn, lúkúlúkú ló ń pa adìẹ ìbílẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ sì ni àjẹsára rẹ̀ tó lè fara da ooru wà, tí kò nílò fíríìjì gbogbo ìgbà. Àìsàn ẹyẹ H5N1 wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì 2006 láti Kaduna. Ní oṣù kìn-ín-ní 2007, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àìsàn náà mú ní Nàìjíríà. Àìsàn náà tún padà ní 2015, Èkó sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ dé.

Ewúrẹ́, àgbò, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin

Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa sábà máa ń bí ìbejì, ó sì ń gbé lórí èèpo iṣu àti èèpo gbágùúdá. Kata ni ọ̀tá rẹ̀: ikun, ìgbẹ́ gbuuru, ikú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àjọ àgbáyé fẹ́ kí àìsàn yìí kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó bá fi di 2030, bí wọ́n ṣe kéde ní 2011 pé àjàkálẹ̀ àrùn màálù tí à ń pè ní rinderpest ti tán láyé.

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àgbò Uda tí iwájú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, Balami elétí gígùn àti Yankasa olójú dúdú á kún Alaba Rago àti etí títì. Wọ́n á so ó mọ́ òpó nínú oòrùn, wọ́n á kó ewé fún un, wọ́n á gbàgbé omi. Àwọn kan ń sìn àgbò fún ìjà ní Èkó, wọ́n sì máa ń tọ́jú wọn bí ọmọ. Ìtọ́jú náà kò ní kí orí má fọ́ ní pápá.

Ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Arò, ní ààlà Èkó àti Ògùn, jìyà ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà gidigidi ní 2020. Ọdún 1997 ni àìsàn náà ti wọ Nàìjíríà. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa gbogbo agbo run, ó sì ń bá oúnjẹ àjẹkù àti bàtà àwọn oníbàárà wọlé. Ẹṣin Èkó kò pọ̀: ti Lagos Polo Club ní Ìkòyí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, àti àwọn tí ọmọdé ń gùn létí òkun, tí iyọ̀ àti yanrìn gbígbóná ń jẹ pátákò wọn.

Òfin

Abala 495 nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn sọ ìkà sí ẹran di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò ra ẹyin adìẹ kan mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó tún òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ kọ ní 2011.

Ajá àti dìgbòlugi

Ajá ń ṣọ́ ilé, ó ń tẹ̀ lé ọdẹ, ó sì jẹ́ ẹran Ògún. Púpọ̀ nínú ajá Èkó ni ajá ìbílẹ̀ tó ní olówó ṣùgbọ́n tó ń rìn fàlàlà ní àdúgbò, ó sì ṣòro láti kó irú wọn jọ fún àjẹsára. Dìgbòlugi, tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ ní orúkọ, ń pa ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ láìku ẹnìkan bí àmì rẹ̀ bá ti yọ. Ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú 100. Bí a bá gún 70 nínú 100 ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́, àìsàn náà kì í lè tàn mọ́. Pípa ajá ìgboro kò ṣe irú iṣẹ́ yìí níbikíbi, nítorí pé ajá tuntun tí kò gba abẹ́rẹ́ ló ń rọ́pò èyí tí wọ́n pa. Erékùṣù Èkó ní ipò tirẹ̀ nínú ìtàn ìwádìí yìí: lára àdán jèsojèso tí wọ́n mú níbẹ̀ ní 1956 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì ìbátan dìgbòlugi tí gbogbo ayé ń pè ní Lagos bat virus.

Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kò yẹ kí wọ́n lu ajá náà pa. Kí wọ́n so ó, kí wọ́n fún un lóúnjẹ àti omi, kí wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lọ́jọ́ kẹwàá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó gé ènìyàn jẹ, dókítà sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró.