Bí Sẹ́ẹ̀lì T Ṣe Ń Bá Kòkòrò Ibà Jà Nínú Ara

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni ara ní láti ká kòkòrò ibà mọ́ inú ẹ̀dọ̀ kó tó di àìsàn. Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e wá. Bó ṣe ń ki ẹnu bọ awọ ara láti mu ẹ̀jẹ̀ ló ń tu itọ́ sí i, inú itọ́ yẹn sì ni kòkòrò ibà tí wọ́n ń pè ní Plasmodium falciparum ń bá wọlé. Wọn kì í pọ̀, wọn kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, àwọn tó bá rọ́nà lọ ti dé inú ẹ̀dọ̀. Kálukú á wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan, á máa bí sí i níbẹ̀ títí ẹyọ kan yóò fi lé ní 10,000. Ní gbogbo àkókò yìí, orí kò tíì fọ́, ara kò tíì gbóná.

Sẹ́ẹ̀lì T wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Kì í rí kòkòrò fúnra rẹ̀. Èérún pròtéènì tí sẹ́ẹ̀lì ara bá gbé síta ló ń rí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní núkílíọ́ọ̀sì, ìyẹn kókó àárín sẹ́ẹ̀lì, a máa gé díẹ̀díẹ̀ lára pròtéènì inú rẹ̀, a sì gbé e síta lórí ohun tí wọ́n ń pè ní HLA, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń pàtẹ ọjà síwájú ìsọ̀. Bí èérún náà bá jẹ́ ti ara, sẹ́ẹ̀lì T á kọjá lọ. Bó bá jẹ́ ti àjèjì tó dá mọ̀, oríṣi tí wọ́n ń pè ní CD8 á rọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, á fi pròtéènì tí wọ́n ń pè ní perforin dá ihò sí i lára, pròtéènì apani tó ń jẹ́ granzyme á sì gba ojú ihò yẹn wọlé. Sẹ́ẹ̀lì náà àti kòkòrò inú rẹ̀ á jọ kú.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ti le tó. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ní kòkòrò kò tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì wà láàárín ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. CD8 gbọ́dọ̀ rí gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí ẹyọ kan tó bá bọ́ tó láti gbé ibà dìde. Síbẹ̀, ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ náà ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Lọ́dún 1991, àwọn olùwádìí rí i ní Gáḿbíà pé ibà kì í sábà le jù fún àwọn ọmọ tó ní HLA-B53, irú HLA tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Tí kòkòrò bá ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, nǹkan yí padà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó kò ní núkílíọ́ọ̀sì, kò sì ní HLA tó lè fi pàtẹ ohunkóhun. CD8 á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láì fura. Lẹ́yìn wákàtí 48, sẹ́ẹ̀lì pupa náà á bẹ́, kòkòrò tuntun á tú jáde, ara á sì gbóná.

Iṣẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ CD4, oríṣi sẹ́ẹ̀lì T mìíràn. Nínú ọlọ inú, èyí tó máa ń wú lára ọmọ tí ibà ń mú lemọ́lemọ́, CD4 ń ran sẹ́ẹ̀lì B, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn, lọ́wọ́ láti ṣe èròjà agbógun-ti-àrùn. Lọ́dún 1961, ní Gáḿbíà kan náà, wọ́n yọ èròjà yìí lára ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, wọ́n fún àwọn ọmọ tí ibà dá wó, kòkòrò ẹ̀jẹ̀ wọn sì dínkù. Ṣùgbọ́n falciparum ní nǹkan bí ọgọ́ta apilẹ̀ àbùdá tó fi ń pààrọ̀ aṣọ sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń ṣàìsàn léraléra kí ara rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

CD4 tún ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ interferon-gamma jáde, tó ń ki àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò láyà. Bó bá pọ̀ jù, ara ènìyàn ló máa pa lára. Nítorí náà, bí ibà bá ti ń mú ènìyàn lemọ́lemọ́, àwọn CD4 kan á bẹ̀rẹ̀ sí tú èròjà mìíràn, IL-10, jáde láti fi pẹ̀tù sí i. Èyí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà gbé kòkòrò ibà kiri láìsí ibà lára. Ààbò yìí ń dínkù bí ènìyàn bá kúrò níbi tí ẹ̀fọn wà. Ẹni tó ti pẹ́ ní London tó ń bọ̀ wálé ọdún nílò oògùn ìdènà ibà.

Lẹ́tà T inú orúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára RTS,S dúró fún apá tí sẹ́ẹ̀lì T lè dá mọ̀. Síbẹ̀, èròjà agbógun-ti-àrùn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni R21, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà mìíràn tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé ní Kebbi àti Bayelsa ní December 2024. Èròjà náà ń dínkù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi jẹ́ mẹ́rin, láti nǹkan bí oṣù márùn-ún ọmọ lọ, tí ọmọ tó gbà á sì tún gbọ́dọ̀ máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn.