Ohun Tí Àwọ̀ Eyín Kónódọ́ntì Ń Sọ Nípa Òkúta
Eyín kónódọ́ntì (ẹranko inú òkun kan tó ti pa run tipẹ́) tó dúdú kirikiri kò fi ìyẹn pẹ́ láyé ju èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè rò bẹ́ẹ̀. Ìrísí eyín la fi ń mọ ọjọ́ orí òkúta tí a ti rí i. Àwọ̀ rẹ̀ la fi ń mọ bí ooru abẹ́ ilẹ̀ ṣe mú òkúta náà tó.

Kónódọ́ntì jẹ́ ẹranko inú òkun tí ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, tí kò sì ní eegun àgbọ̀n. Láti sànmánì Kámbíríà ló ti wà, ó sì pa run ní òpin sànmánì Tíráyásíìkì, ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 201 sẹ́yìn. Ara rẹ̀ rọ̀, ó tètè ń jẹrà, nítorí náà eyín rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń kù. Láti ọdún 1856 tí Christian Heinrich Pander ti kọ̀wé nípa àwọn eyín wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ẹranko tó ni wọ́n, títí di ọdún 1983, nígbà tí Derek Briggs, Euan Clarkson àti Richard Aldridge ṣàpèjúwe odindi ara kan tí a rí nínú òkúta Granton ní Edinburgh, ní Scotland, tí kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Ọ̀pá rírọ̀ kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, iṣan ara rẹ̀ tò ní ìrísí lẹ́tà V, ó sì ní lẹbẹ nídìí ìrù. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí lágbára tó láti kà á mọ́ ìdílé àwọn ẹranko elégungun ẹ̀yìn, ìyẹn ìdílé tí àwa èèyàn náà wà.

Fọ́sífétì, irú èròjà tó wà nínú eegun wa, ni eyín náà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ásíìdì inú fínígà tí a ti bomi là yọ́ òkúta ẹfun kúrò lára rẹ̀ láìba á jẹ́. Ẹ má ṣe lo ásíìdì haidirokilóríìkì, nítorí pé yóò jẹ òkúta àti eyín pọ̀. Ohun tó bá kù lórí asẹ́ la ó wá fi maikirosíkóòpù ṣà.

Ní ti ọjọ́ orí, ìrísí eyín yí padà kíákíá láti ìran dé ìran, débi pé ìgbà tí ẹ̀yà tí à ń pè ní Hindeodus parvus kọ́kọ́ fara hàn nínú òkúta Meishan ní Ṣáínà ni a fi pààlà ìbẹ̀rẹ̀ sànmánì Tíráyásíìkì.

Ní ti àwọ̀, ọdún 1977 ni Anita Epstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde. Àwọn èròjà abẹ̀mí tó wà nínú eyín ló ń jóná díẹ̀díẹ̀ bí ooru ti ń pọ̀ sí i: ìyeyè ni ìpele 1, tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 80 dígírì Celsius lọ, dúdú ni ìpele 5, tó ti kọjá 300 dígírì. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ka òṣùwọ̀n yìí sí pàtàkì, nítorí pé òkúta tí ooru ti mú jù kò lè ní epo mọ́, bó bá tilẹ̀ ku gáàsì. Àmọ́ ẹ rántí pé ooru tí kò pọ̀ púpọ̀, tó sì pẹ́ gan-an, lè sọ eyín di dúdú bákan náà.

Níbi tí ó ti máa ń rú àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lójú nìyí: bí ooru bá tún ga ju ìpele 5 lọ, dúdú náà á ṣí, àwọ̀ eyín á dà bí eérú, lẹ́yìn náà á di funfun, olùbẹ̀rẹ̀ sì lè rò pé ooru kò mú un rárá. Ẹ wo ojú eyín náà dáadáa kí ẹ tó pinnu. Èyí tí ooru kò mú máa ń dán, ó sì máa ń jọ̀lọ̀. Èyí tí ooru ti sọ di funfun sábà máa ń rí ṣákiṣàki, kò sì ní dán mọ́.