Ìyàsọ́tọ̀ Ló Ń Sọ Pàǹtírí Di Iṣẹ́ Ọnà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó ń fi pàǹtírí ṣe iṣẹ́ ọnà kàn ń ṣa ohunkóhun tó bá rí, tó sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èrò yìí gan-an ló sì ń sọ iṣẹ́ àdúgbò di òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n kùn lọ́dà. Àpò kan tó kún fún oríṣi nǹkan kan ṣoṣo wúlò ju àpò mẹ́wàá tí nǹkan inú wọn kò bára mu lọ.

Ìyàsọ́tọ̀, ìyẹn kíkó oríṣi nǹkan kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀, ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìdérí ìgò. Ti alumíníọ́mù rọ̀: ọwọ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ká, ìṣó kékeré sì lè dá a lu. Ti ike kì í sábà gba gúlúù. Ó lè dà bíi pé ó ti lẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ já bọ́. Àfi kí wọ́n lu ú, kí wọ́n fi wáyà so ó. Oòrùn á tún máa ṣá ike, á sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, nítorí náà abẹ́ òrùlé ló yẹ ẹ́ jù. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ghana tó kó lọ sí Nsukka ní Nàìjíríà ní 1975, mọ èyí dáadáa. Ìdérí ìgò ọtí ni àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń tẹ̀, tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń fi wáyà bàbà so di abala-abala; òun á wá tò wọ́n, á yí ipò wọn padà, títí wọn yóò fi di ohun ńlá tó ṣeé fi kọ́ ara ògiri bí aṣọ.

Ìpín iṣẹ́ báyìí ló bá àdúgbò mu. Ọmọdé àti àgbà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ìdérí kan kíákíá. Bí akọrin kan ṣoṣo bá ṣi ohùn mú, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń kọrin, ohùn tó lọ sókè díẹ̀ àti èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ló ń mú kí orin náà nípọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdérí tí ọmọdé ká wọ́ ṣe ń di ẹwà láàárín ẹgbẹ̀rún mìíràn.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹ́ kù nílé iṣẹ́ fi dára ju ti ààtàn lọ: ó mọ́, ó pọ̀, ó sì jọra. Láti 1978 ni Materials for the Arts ní New York ti ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n irú ètò yìí ní ibi tó ti lè bàjẹ́: ilé iṣẹ́ lè máa kó ohun tí ì bá sanwó láti dà nù wá lórúkọ ẹ̀bùn. Ibi tí kò bá lè sọ pé “a ò gbà á” yóò di ààtàn tó ní ìlẹ̀kùn.