Balùwẹ̀ onípákó: kí ni pátákó sìmẹ́ǹtì ń ṣe lábẹ́ táìlì?

Ìbéèrè: Plywood ni ilẹ̀ balùwẹ̀ mi, wọ́n kàn án mọ́ àwọn igi gígùn tó gbé e ró. Mo fẹ́ lẹ táìlì sí i. Ẹnì kan ní kí n kọ́kọ́ tẹ́ pátákó sìmẹ́ǹtì (cement board). Ẹlòmíràn ní pátákó ọ̀hún kì í fi agbára kankan kún ilẹ̀. Kí ni mo wá fẹ́ fi ṣe?

Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ẹ gbé pátákó sìmẹ́ǹtì tó nípọn ní mílímítà 6 dání ní etí kan, ẹ ó rí i tí etí kejì á máa tẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí kò lè gbé ara rẹ̀ dúró, báwo ni yóò ṣe gbé ilẹ̀ ró? Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Igi ń mu omi: bó bá mu ún, á wú; bó bá gbẹ, á súnkì. Ìbú rẹ̀ ló ń fẹ̀ jù, òòró rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. (Ìdí nìyí tí plywood fi sàn ju pákó lásán lọ: wọ́n to àwọn awẹ́ rẹ̀ ní ìdábùú ara wọn, ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì ráyè fẹ̀.) Táìlì ní tirẹ̀ kì í wú, kì í sì í súnkì. Pátákó sìmẹ́ǹtì ló ń wọ àárín wọn: sìmẹ́ǹtì táìlì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń lẹ táìlì, á dì mọ́ ọn dáadáa, omi kì í sì í sọ ọ́ di wíwú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó ń mì kí ẹ tó tẹ́ ẹ, á ṣì máa mì lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ́ ẹ tán.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ mi le tó?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì lọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá. Bí ẹ bá gbé àwo tánńganran sórí tìmùtìmù tí ẹ wá dúró lé e, tó bá fọ́, ẹ ò ní sọ pé àwo ni kò dára.

Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ táìlì ń lò rèé. Ẹ wọn igi agbéró láti ibi tó ti jókòó lé nǹkan dé ibi tó tún ti jókòó lé nǹkan, kí ẹ pín gígùn yẹn sí 360. Iye tó bá jáde ni igi náà lè tẹ̀ mọ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Igi tó gùn ní mítà 3.6, mílímítà 10 ni òpin tirẹ̀. Bó bá jẹ́ òkúta gidi bíi mábù lẹ fẹ́ lẹ̀, 720 lẹ máa fi pín in, ìyẹn mílímítà 5, torí òkúta kì í fara da títẹ̀ tó táìlì alámọ̀.

Igi agbéró nìkan kọ́ o. Plywood fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ láàárín igi kan sí èkejì. Bí àwọn igi bá fi nǹkan bíi mílímítà 400 jìnnà síra, plywood mílímítà 16 ló kéré jù. 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lèmi máa ń fẹ́. Bí ẹ bá lè wọ abẹ́ ilẹ̀, ẹ wọ ibẹ̀. Ẹ wò ó bóyá púlọ́ńbà ti gé ikùn igi kan láti fi gba páìpù kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìro ti ẹni tó ń bọ̀ wá lẹ táìlì. Igi tó bá rọ̀ jù, ẹ kan igi tuntun mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ gbé ìtì kan gba abẹ́ gbogbo wọn kọjá láàárín. Bó jẹ́ plywood ló fẹ́lẹ́, ẹ fi òmíràn lé e, kí orí-ìpàdé tòkè má ṣe bọ́ sórí tìsàlẹ̀. Àfikún plywood kì í tún igi agbéró tí kò lágbára ṣe.

Àwọn kan á ní kí ẹ fò lórí ilẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá omi inú ife á mì. Ẹ lè fi mọ ilẹ̀ tó burú. Kò lè jẹ́rìí fún yín pé ilẹ̀ dára.

Ṣé mi ò lè lẹ táìlì mọ́ plywood tààrà?

Ó ṣeé ṣe, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dìídì ṣe fún un wà, lórí plywood alápá méjì tí omi kì í tètè tú. Nínú balùwẹ̀, èmi ò ní ṣe é.

Ibì kan nídìí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ṣé kí n kàn bò ó?

Rárá. Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un, pàápàá nídìí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì àti létí ọpọ́n ìwẹ̀. Ibi tí irin bá ti wọlé wẹ́rẹ́, igi ti jẹrà. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń jò kí ẹ dí i, kí ẹ tó gé plywood jíjẹrà kúrò títí dé orí àárín igi agbéró, kí plywood tuntun lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Etí tó bá ṣì wà lófuurufú, ẹ kan igi kékeré sábẹ́ rẹ̀. Pátákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi rọ, ẹ kó o jáde pátápátá. Omi díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di wíwú.

Bí ẹ bá bá kápẹ́ẹ̀tì oníke tàbí táìlì oníke àtijọ́ nílẹ̀, tí ilé náà sì ti wà ṣáájú àárín ọdún 1980, ẹ má fi yanrìn họ ọ́, ẹ má sì fà á ya kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò: asbestos lè wà nínú rẹ̀ tàbí nínú gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ́ pátákó sìmẹ́ǹtì?

Wọ́n ń da sìmẹ́ǹtì táìlì sórí plywood, wọ́n á fi trowel eléyín tẹ́ ẹ, wọ́n á gbé pátákó lé e nígbà tí kò tíì gbẹ. Sìmẹ́ǹtì yìí kì í ṣe torí kí pátákó má baà ṣí; ṣúkúrù ló dì í mú. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ń kún, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ibi tó dá ṣófo. Ẹni tó bá fo èyí, ìgbà tó bá ń gbọ́ kó-kó-kó lábẹ́ táìlì ló máa rántí.

Ẹ fi mílímítà 3 sílẹ̀ láàárín pátákó kan sí èkejì, 6 létí ògiri. Ẹ má jẹ́ kí igun mẹ́rin pàdé lójú kan. Ẹ gbé ṣúkúrù sí i ní bíi mílímítà 200 sí 200, kó jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún pátákó yìí. Ti ògiri gípsọ́ọ̀mù ń dógùn-ún, ọrùn rẹ̀ sì ń kán. Orí-ìpàdé, ẹ fi téèpù aláwọ̀n lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi sìmẹ́ǹtì táìlì bò ó. Nígbà gígé, ẹ fi ọ̀bẹ fà á lójú, kí ẹ kán an. Ayùn oníná ń da eruku yanrìn sáfẹ́fẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bàjẹ́.

Ṣé omi ò ní gba inú rẹ̀ kọjá?

Á gbà á kọjá. Omi kì í ba pátákó sìmẹ́ǹtì jẹ́, ṣùgbọ́n kì í dá omi dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni gráùtì tí wọ́n fi ń dí àlàfo àárín táìlì. Bí ẹ bá fẹ́ kí igi abẹ́ gbẹ, ẹ kun ọ̀dà rọ́bà tó ń dí omi lé e lẹ́ẹ̀méjì, kó gun ìdí ògiri díẹ̀.

Mo rí rọ́bà aláwọ̀ ọsàn kan tó ní kòtò wẹ́wẹ́, wọ́n ní ó lè rọ́pò pátákó. Ṣé lóòótọ́ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó lókìkí jù, DITRA tí ilé iṣẹ́ Schlüter ti Jámánì ṣe, ti wà láti 1987. Ó ń jẹ́ kí igi fẹ̀ kó sì súnkì lábẹ́ láìfa táìlì dání. Ó fẹ́lẹ́ (mílímítà 3), ó sì fúyẹ́ láti gbé. Àmọ́ òun náà kì í mú ilẹ̀ le. Ẹ ka ohun tí olùṣe kọ nípa irú sìmẹ́ǹtì tó yẹ: tàbẹ́ rẹ̀ àti tòkè rẹ̀ lè yàtọ̀.

Ṣé dandan ni kí ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ?

Ó lè dagun díẹ̀ sápá kan, kò sí wàhálà. Òkè àti kòtò ni ẹ sá fún. Ẹ fi igi tó tọ́, tó gùn ní mítà 3, lélẹ̀: àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílímítà 6 lọ, 3 sì ni bí etí táìlì yín bá gùn tó sẹ̀ńtímítà 38. Ẹ tún un ṣe kí pátákó tó dé, torí sìmẹ́ǹtì táìlì kì í ṣe ohun ìdíkòtò.

Bí ilẹ̀ bá wá ga sókè, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Òrùka tí wọ́n fi ń de tọ́ìlẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí táìlì. Bó bá rì sísàlẹ̀, ẹ ra òrùka àfikún kí ẹ fi gbé e sókè. Ìdí ilẹ̀kùn náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rẹ́ ẹ.