Bí Àwọn Káúńtì Maryland Ṣe Ń Yan Ohun Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Aṣòfin

Ní Wẹ́sídeè kejì oṣù Jánúárì lọ́dọọdún, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Maryland máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní Annapolis. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni òfin fún wọn. Láàárín àkókò kékeré yẹn, àbá òfin tó lé ní 2,000 ló ń dé iwájú aṣòfin 188, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì kan ìjọba káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, gbọ̀ngbọ̀n: ilé ẹ̀kọ́, ọlọ́pàá, títì, omi, ilé kíkọ́, owó orí ilé àti ilẹ̀. Kò sí káúńtì tó lè dá sáré tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní MACo (Maryland Association of Counties, ẹgbẹ́ àwọn káúńtì Maryland), tó ti wà láti ọdún 1951. Káúńtì 23 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, ìlú Baltimore tí òfin kà sí káúńtì sì sọ wọ́n di 24. Ẹni tó bá mọ ALGON ní Nàìjíríà á tètè mọ irú ẹgbẹ́ tó jẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni ẹgbẹ́ yìí ń ṣe lọ́dọ̀ aṣòfin, àwọn èèyàn sì máa ń pa méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan ni ohun tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń béèrè, tí yóò wá aṣòfin tó máa bá a gbé e wọlé. Èkejì ni èsì tí ẹgbẹ́ ń fọ̀ sí àbá tí ẹlòmíì gbé wá. Èkejì yìí ló ń gba àkókò jù, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ lèèyàn fi ń mọ ohun tó ń dun àwọn káúńtì gan-an.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń béèrè fúnra rẹ̀ kì í pọ̀. Kì í sábà ju mẹ́rin lọ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ àbá ló ń wọlé kó tó kù sí mẹ́rin, oṣù mélòó kan ṣáájú ìjókòó ni wọ́n sì ti ń kó o jọ. Àwọn káúńtì ń mú tiwọn wá, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ káúńtì náà ń mú tiwọn wá: àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ẹnjiníà, àwọn tó ń bójú tó ìṣúná, àwọn onímọ̀ ìlera, àwọn tó ń ṣètò pàjáwìrì. Àbá àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló máa ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, torí pé àwọn ni òfin tó mẹ́hẹ máa ń kọ́kọ́ dí lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ kékeré kan ló máa ń jókòó ti àwọn àbá náà, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn ń kú sí. Ṣé ó kan ọ̀pọ̀ káúńtì, àbí ẹyọ kan ló ń sunkún? Ṣé òfin ìpínlẹ̀ ló di ọ̀rọ̀ náà mú, àbí ohun tí káúńtì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ni? Ṣé kò ní dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́? Ṣé aṣòfin á gbọ́ ọ lọ́dún yìí? Èyí tó bá kan káúńtì kan ṣoṣo kò tíì sọ nù: àwọn aṣòfin tó ń ṣojú káúńtì yẹn lè gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí àbá òfin tó kan àdúgbò wọn nìkan.

Èyí tó bá yege á lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin, níbi tí káúńtì kọ̀ọ̀kan ti ní aṣojú kan àti ìbò kan. Montgomery, tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, àti Kent, tí tirẹ̀ kò tó 20,000, ìbò kan náà ni wọ́n ní. Àwọn kan lè ní kò bójú mu. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn káúńtì ńlá mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò máa pàṣẹ, àwọn kéékèèké kò sì ní rídìí tí wọ́n á fi máa san owó ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá sì dúró níwájú aṣòfin tó wá láti àgbègbè oko, ohun tó ń jẹ́ kí ó gbọ́ ni pé káúńtì tirẹ̀ náà wà nínú ohùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó títì ló fi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń wà lókè lára ohun tí ẹgbẹ́ ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún hàn jù. Owó orí epo mọ́tò àti owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ wà lára ohun tó ń wọ àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń pín. Tẹ́lẹ̀, 30% rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fún títì. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ìpínlẹ̀ gé e ní ọdún 2010, ó sì di 9.6% lẹ́yìn náà: 7.7% fún ìlú Baltimore, 1.5% fún gbogbo káúńtì tó kù, 0.4% fún àwọn ìlú kéékèèké. Kò sí káúńtì tí títì rẹ̀ dín kù, kòtò ojú títì kò sì dúró de owó. Baltimore gba tó pọ̀ torí pé ìlú náà ló ń tún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo títì inú rẹ̀ ṣe, nígbà tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú títì ńláńlá ní àwọn káúńtì. Ó rọrùn kí ìpín yìí dá ìjà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kò bá Baltimore du tirẹ̀; ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí gbogbo ìpín ìjọba ìbílẹ̀ pọ̀ sí i. Òfin ọdún 2018 fi díẹ̀ kún un, ti ọdún 2022 sì tún fi kún un.

Bí ìjókòó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti pinnu lórí àbá àwọn ẹlòmíì: àtìlẹ́yìn, àtìlẹ́yìn bí wọ́n bá tún un ṣe, àtakò, tàbí kí ẹgbẹ́ má dá sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin máa ń kọ ìwé ìṣirò sí àbá kọ̀ọ̀kan, ó sì ní apá tó ń sọ ohun tí àbá náà máa ná ìjọba ìbílẹ̀. Apá yẹn ni àwọn káúńtì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ìpínlẹ̀ bá pàṣẹ iṣẹ́ tuntun láì fowó tì í, inú bọ́jẹ́ẹ̀tì káúńtì ni owó rẹ̀ ti máa jáde, àtakò irú rẹ̀ kì í sì í gba àríyànjiyàn púpọ̀ nínú ẹgbẹ́.

Ní ti gbogbo Amẹ́ríkà, NACo (National Association of Counties, ẹgbẹ́ àwọn káúńtì gbogbo Amẹ́ríkà) ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Washington fún àwọn káúńtì tó jẹ́ 3,069. Ìgbìmọ̀ mẹ́wàá ló ń gbé àbá yẹ̀ wò, ó di ọwọ́ àwọn olùdarí, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó dìbò sí i níbi àpérò oṣù Júláì. Ìpinnu tó bá yege níbẹ̀ ń lo ọdún kan péré. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún un gbé wá.

Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Maryland, pàápàá ní Prince George's. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun tó ń dà á láàmú wọ inú ohun mẹ́rin tí MACo ń béèrè lọ́dún, ọ̀dọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ káúńtì rẹ̀ ni kó lọ, kó sì lọ tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n tó kó àbá jọ. Bó bá di Jánúárì, ẹgbẹ́ ti yan tirẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un.