Iná Tristan da Cunha: ẹ má wo orí òkè nìkan

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn ará Tristan da Cunha fi ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè ayọnáyèéfín, ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibẹ̀ dáadáa ná. Erékùṣù kékeré ni, ó wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì lápá gúúsù, láti Cape Town débẹ̀ tó 2,800 kìlómítà, kò sí pápákọ̀ òfurufú rárá, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó sì ń gbébẹ̀ ò tó 300.

Gbogbo erékùṣù yẹn pátá lòkè náà. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti hù wá, ṣóńṣó orí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Queen Mary's Peak ga tó mítà 2,062. Ooru inú ilẹ̀ ló ń yọ́ àpáta lábẹ́, èyí tó bá ti yọ́ á máa wá ibi tó máa gbà jáde, ibi tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyẹn: kò pọn dandan kó gba orí òkè o. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ti sán, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀ tí wọ́n kọ́lé sí wà, torí àpáta gàgàrà ló yí èyí tó pọ̀ jù nínú etíkun yòókù ká.

Àwọn Potogí rí i lọ́dún 1506. Lọ́dún 1816 àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ṣọ́jà lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbabẹ̀ lọ tú Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n há mọ́ erékùṣù St Helena, sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń kó wọn padà, William Glass, ará Scotland, ní òun ò lọ, òun àtìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn dúró. Orúkọ Glass ṣì wà níbẹ̀ dòní.

August 1961 ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń le sí i, òkúta ń já bọ́ látorí àpáta, nígbà tó di October, ilẹ̀ là lẹ́bàá abúlé, koríko wú sókè di òkìtì, iná sì yọ níbẹ̀. Orí òkè ò ṣe nǹkan kan! Gbogbo wọn, èèyàn 264, wọ ọkọ̀ sá lọ sí erékùṣù Nightingale, wọ́n gba Cape Town dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Àpáta yíyọ́ bo ilé iṣẹ́ edé ńlá wọn àti etíkun tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wọn ò bà jẹ́.

Lọ́dún 1962 wọ́n dìbò, 148 ní àwọn fẹ́ padà sílé, 5 péré ló kọ̀, nígbà tó fi máa di ìparí 1963 ọ̀pọ̀ ti padà sídìí oko pòtétò wọn. Èmi ò bá wọn wí o, ilé ni. Lọ́dún 2004 ilẹ̀ tún mì, lẹ́yìn náà ni òkúta fífúyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lójú òkun, abẹ́ omi ni iná ti yọ lọ́tẹ̀ yẹn.